Ara oníbàárà ni télọ̀ ń wọ̀n: ìwọ̀n nọ́ńbà àti ìtò mẹ́mórì nínú kọ̀ǹpáílà

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Akoka. Mò ń fi C++ àti LLVM (irinṣẹ́ tó ń báni ṣẹ̀dá kóòdù ẹ̀rọ) kọ kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, fún èdè kékeré kan tí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. C ni mo fi kọ àwọn function (ègé kóòdù tó ní orúkọ) tó ń bá a tẹ nǹkan síta. Àkọsílẹ̀ oníbàárà tí mo fi ń dán an wò ní ààyè mẹ́rin, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nìyí: sanwo (bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́), iye (owó ní kọ́bọ̀, 64 bíìtì), oruko (atọ́ka sí ibi tí orúkọ wà), ojo_ori (32 bíìtì). Lórí láptọ́ọ̀pù mi, Linux 64 bíìtì, kò sí wàhálà kankan. Nígbà tí mo gbé e sórí fóònù Android àlòkù tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ jáde dáadáa, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 0. Owó ẹnì kejì jẹ́ kọ́bọ̀ 1, lẹ́yìn náà ètò yẹn kú. Lórí Windows ọ̀rẹ́ mi ẹ̀wẹ̀, ₦25,000,000 jáde bíi -₦17,949,672.96. Bíìtì mélòó ló yẹ kí nọ́ńbà mi jẹ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ to mẹ́mórì tí yóò fi bá gbogbo ẹ̀rọ mu?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ nọ́ńbà tó jáde sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe jáde. Òun ló jẹ́ ká lè nàka sí báìtì (bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan) tí nǹkan ti bàjẹ́ láì rí kóòdù rẹ. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, orísun kan náà ni wọ́n sì ti wá: kọ̀ǹpáílà rẹ ń wọn ara rẹ̀ láti gé aṣọ fún ẹlòmíràn. Níbì kan nínú kóòdù C++ rẹ, o bi `sizeof(void*)`, ìyẹn báìtì mélòó ni atọ́ka jẹ́, láptọ́ọ̀pù rẹ sì dáhùn pé 8. Òótọ́ ló sọ, nípa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ni aṣọ náà ń lọ bá, 4 sì ni atọ́ka jẹ́ lórí fóònù yẹn, tó jẹ́ 32 bíìtì. Kò sí télọ̀ kan ní Balógun tí yóò máa wọn àyà ara rẹ̀ nígbà tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀.

Jẹ́ ká tẹ̀ lé báìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpáílà rẹ fi sanwo sí ipò 0, iye sí 8, oruko sí 16, ojo_ori sí 24, ó sì ka àkọsílẹ̀ kan sí báìtì 32. Apá tí o fi C kọ, tí kọ̀ǹpáílà C kọ́ fún fóònù náà, gbà pé oruko wà ní 16 lóòótọ́, ṣùgbọ́n báìtì 4 péré ló gbà, nítorí náà ojo_ori wà ní 20, àkọsílẹ̀ kan sì jẹ́ báìtì 24. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi jáde dáadáa. O kọ atọ́ka sílẹ̀ bíi nọ́ńbà báìtì 8, ìdajì òkè rẹ̀ sì jẹ́ òdo; ìdajì òkè yẹn ló wà ní ipò 20, òun ni C kà bí ọjọ́ orí. Ẹnì kejì, lójú C, bẹ̀rẹ̀ ní báìtì 24, owó rẹ̀ sì wà ní 24 + 8, ìyẹn 32. Kí lo fi sí báìtì 32? Sanwo ti ẹnì kejì, tó jẹ́ 1, pẹ̀lú báìtì òfìfo méje lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́bọ̀ 1 rẹ rèé. Orúkọ rẹ̀ wà ní 24 + 16, ìyẹn 40, níbi tí ìwọ fi owó rẹ̀ sí. C gba owó bí àdírẹ́sì, ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí, ètò kú.

Ti Windows yàtọ̀ díẹ̀. ₦25,000,000 jẹ́ kọ́bọ̀ 2,500,000,000. Nọ́ńbà 32 bíìtì tó lè jẹ́ òdì kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí o bá yọ 4,294,967,296 kúrò nínú 2,500,000,000, yóò kù -1,794,967,296, èyí tí í ṣe -₦17,949,672.96 géérégé. Ó túmọ̀ sí pé function tó ń tẹ owó síta ń gba `long`. Lórí Linux 64 bíìtì, `long` jẹ́ báìtì 8. Lórí Windows 64 bíìtì, báìtì 4 ni. Fi `int64_t` rọ́pò rẹ̀ lónìí, kí o sì wá gbogbo `long` tó kù nínú apá C rẹ. Àìsàn yìí wà lórí fóònù náà pẹ̀lú: báìtì 4 ni `long` jẹ́ níbẹ̀, ètò rẹ kàn kú kí o tó rí i ni.

Ó kan bíìtì mélòó. Kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ náà «wọ́ọ̀dù» rẹ́ kúrò nínú ìwé àlàyé èdè rẹ. Ohun tó ń jẹ́ wọ́ọ̀dù kò dúró sójú kan. Bíìtì 16 ni nínú ìwé Intel (x86, irú ẹ̀rọ inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù), láti ìgbà 8086 ní ọdún 1978 títí di òní, àní lórí ẹ̀rọ 64 bíìtì. Nínú ìwé ARM (irú ẹ̀rọ inú ọ̀pọ̀ fóònù), bíìtì 32 ni. Bí o bá kọ `.word` sínú assembler GNU (ètò tó ń sọ àṣẹ ẹ̀rọ tí a fọwọ́ kọ di báìtì), báìtì 2 ni yóò fi sílẹ̀ lórí x86, báìtì 4 lórí ARM. Bíìtì tó ní iye ni kí o máa sọ: nọ́ńbà 8, 16, 32, 64.

Lẹ́yìn náà, ya oríṣi nọ́ńbà méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà níbikíbi. Èkejì ni èyí tó ń tẹ̀ lé ìwọ̀n atọ́ka, tí yóò jẹ́ 32 lórí ẹ̀rọ kékeré àti 64 lórí ńlá. Gígùn àti ipò nínú mẹ́mórì nìkan ló wà fún, kì í ṣe owó, kì í ṣe ọjọ́. Àwọn tó dá èdè Go sílẹ̀ jẹ́ kí `int` máa tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Java dá `int` dúró sí 32 níbi gbogbo. Fún èdè tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ máa lò, ọ̀nà ti Java ni mo fara mọ́, àmọ́ kí nọ́ńbà lásán tí kò ní àpèjúwe jẹ́ 64. Owó ni mo ń rò. Ẹni tó bá ń ṣírò owó ní kọ́bọ̀ pẹ̀lú bíìtì 32 yóò kọlu ògiri ní ₦21,474,836.47, ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Lẹ́kí sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú 64, kò sí ẹni tó máa dé òpin rẹ̀.

Ó ní ohun tí yóò ná ọ lórí ẹ̀rọ 32 bíìtì. Ìròpọ̀ kan yóò di àṣẹ méjì, èyí àkọ́kọ́ ń ṣe ìdajì ìsàlẹ̀, èkejì ń ṣe ìdajì òkè pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́kù. Pípín nọ́ńbà 64 bíìtì kò sí nínú ẹ̀rọ ARM 32 bíìtì rárá: LLVM yóò pe function `__aeabi_ldivmod`, nítorí náà bí o bá ń so ètò pọ̀ fúnra rẹ láìsí ilé-ìkàwé kọ̀ǹpáílà, wàá rí àròyé pé wọn kò rí orúkọ yẹn. Fi ilé-ìkàwé náà kún un, ó parí.

Ibì kan wà tí àwọn tó gbọ́n pàápàá ti ń ṣubú. Bí nọ́ńbà tí olùlò fi ń mú nǹkan nínú àkójọ bá jẹ́ 64, tí ẹ̀rọ sì jẹ́ 32, kọ́kọ́ fi gbogbo bíìtì 64 wé gígùn àkójọ, kí o tó gé e kúrú. Bí o bá gé e kí o tó wò ó, 4,294,967,296 yóò di 0, ẹ̀ṣọ́ yóò sì gbà á wọlé.

Ní báyìí, téèpù ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ṣẹ̀dá struct (àkọsílẹ̀ tó ní ààyè púpọ̀) kan nínú kọ̀ǹpáílà rẹ, kí o pè é ní Eroji tàbí orúkọ tó wù ọ́, tí yóò máa gbé ohun tí o mọ̀ nípa ẹ̀rọ tí kóòdù ń lọ bá: ìwọ̀n atọ́ka, alignment ti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan (mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé rẹ̀), báìtì tó ń ṣáájú nínú nọ́ńbà (ńlá tàbí kékeré), alignment ti stack (mẹ́mórì tí function ń lò fún ìgbà díẹ̀), ìlànà tí function fi ń pe ara wọn. Gbogbo ìbéèrè nípa ìwọ̀n gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Wá `sizeof` nínú gbogbo fáìlì tó ń ṣẹ̀dá kóòdù, kí o sì yọ gbogbo èyí tó ń sọ̀rọ̀ nípa ètò olùlò dànù.

Alignment ni òfin tó sọ pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí nọ́ńbà kan lè pín láìṣẹ́kù. Ìṣirò rẹ̀ kúrú:

```
ipo = (ipo + a - 1) & ~(a - 1);
```

`a` ni alignment ààyè tó kàn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 2, 4, 8 tàbí 16. Ṣe é fún ààyè kọ̀ọ̀kan, fi ìwọ̀n ààyè kún un, kí o sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìparí pẹ̀lú alignment tó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ náà. Ìgbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí o bá fò ó, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo yóò dára, ṣùgbọ́n èkejì nínú àkójọ yóò bẹ̀rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Má sì rò pé ìwọ̀n àti alignment máa ń dọ́gba. Nọ́ńbà 64 bíìtì lórí Linux i386 (ẹ̀rọ x86 32 bíìtì) jẹ́ báìtì 8, àmọ́ 4 ni alignment rẹ̀ nínú struct. Lórí ARM 32 bíìtì, 8 ni. Àkọsílẹ̀ rẹ tó ní ààyè mẹ́rin yìí yóò wá jẹ́ báìtì 32 lórí Linux àti Windows 64 bíìtì, 24 lórí fóònù rẹ, 20 lórí Linux i386 (0, 4, 12, 16, ó parí sí 20). Ẹ̀rọ 32 bíìtì méjì, ìdáhùn méjì. Ẹni tó bá kọ `if (bits == 32)` nínú kóòdù rẹ̀ ti ṣì í.

O lè bi mí bóyá kí o to ààyè wọ̀nyí lọ́nà mìíràn kí àlàfo lè dín. Bí o bá fi iye ṣáájú, tí oruko tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojo_ori, kí sanwo gbẹ̀yìn, 32 yóò di 24 lórí 64 bíìtì. Àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù kan, o jèrè mílíọ̀nù báìtì mẹ́jọ. Lórí fóònù rẹ, 24 ṣì ni. Èdè Rust máa ń tún un tò fúnra rẹ̀ àfi tí ènìyàn bá kọ `repr(C)` sí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi ìtò sílẹ̀ bí olùlò ṣe kọ ọ́, títí apá C àti kọ̀ǹpáílà rẹ yóò fi máa sọ ohun kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn lo lè máa tún un tò, fún kìkì àkọsílẹ̀ tí C kì í fọwọ́ kàn.

Níwọ̀n ìgbà tí LLVM wà lọ́wọ́ rẹ, má fi ọwọ́ kọ okùn ọ̀rọ̀ gígùn tó ń sọ ìtò ẹ̀rọ. Ṣẹ̀dá `TargetMachine` láti inú orúkọ ẹ̀rọ náà, pe `createDataLayout()`, kí o sì fi èsì rẹ̀ sínú Module (àpò tí LLVM ń kó kóòdù sí) kí o tó ṣẹ̀dá àṣẹ kankan. Àwọn tó kọ okùn yẹn mọ́ ara kóòdù wọn rí ìdààmú nígbà tí LLVM 18 jáde ní 2024, tó fi `i128:128` kún ti x86: okùn wọn kò bá ti LLVM mu mọ́. Bí o bá fẹ́ mọ ipò ààyè kan, `getStructLayout` àti `getElementOffset` yóò sọ ọ́ fún ọ. Ṣọ́ra láàrin `getTypeStoreSize` àti `getTypeAllocSize`: èkíní ni iye báìtì tí a ń kọ, èkejì ni àyè tí ó gbà nínú àkójọ. Fún nọ́ńbà 80 bíìtì ti x86, lórí Linux 64 bíìtì, 10 ni èkíní, 16 ni èkejì. Bí o bá fi èkíní ya mẹ́mórì fún àkójọ, wàá kọ ju ààyè rẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, `i1` (bíìtì kan) ni nínú LLVM, ṣùgbọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mórì bíi `i8` (bíìtì mẹ́jọ) tó jẹ́ 0 tàbí 1. Nígbà tí o bá ń fi ránṣẹ́ sí function C, fi `zeroext` sí i lára, àmì pé kí bíìtì òkè jẹ́ òdo. Láìsí i, bíìtì òkè inú rẹ́jísítà (àyè kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) lè ní ìdọ̀tí, C á ka «bẹ́ẹ̀ kọ́» sí «bẹ́ẹ̀ ni» lójijì, pàápàá nígbà tí o bá tan `-O2`, tó ń mú kóòdù yá.

Ti struct tí a ń gbé odindi rẹ̀ fún function: LLVM kò ní bá ọ ṣe é tó, iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà rẹ ni. Lórí Linux x86-64, èyí tí kò ju báìtì 16 lọ lè gba inú rẹ́jísítà kọjá. Lórí Windows 64 bíìtì, kìkì ti báìtì 1, 2, 4 tàbí 8 ló ń gbabẹ̀, àwọn yòókù á di atọ́ka. Òfin náà pọ̀, ó sì yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Nítorí náà, láàrin kóòdù rẹ àti apá C, atọ́ka nìkan ni kí ó máa kọjá. O pàdánù díẹ̀ nínú eré, o sì bọ́ lọ́wọ́ oṣù méjì wàhálà.

Stack nìyí. Lórí Linux x86-64, kí `call` tó ṣẹlẹ̀, rsp (rẹ́jísítà tó ń tọ́ka sí stack) gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí 16 lè pín. LLVM ń tọ́jú èyí fún ọ. Àmọ́ bí o bá fọwọ́ kọ apá assembly tó ń bẹ̀rẹ̀ ètò, ìwọ lo ni ín. Àmì rẹ̀ ni pé ètò á kú nínú `printf`, lórí àṣẹ `movaps`, nígbà tí o bá ń tẹ nọ́ńbà tó ní ìdásímẹ́wàá. Ẹ̀bi `printf` kọ́. Lórí ARM 32 bíìtì, 8 ni. Lórí ARM 64 bíìtì, 16.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí a kọ, nítorí Yorùbá ni èdè rẹ. `char` inú C lè jẹ́ òdì lórí Linux x86, kò sì lè jẹ́ òdì lórí Linux ARM. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kì í mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí báìtì rẹ̀ kì í kọjá 127. Tiwa ń kọjá. Nínú UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì), «ẹ» jẹ́ báìtì mẹ́ta, E1 BA B9; «ọ» jẹ́ E1 BB 8D; «ṣ» jẹ́ E1 B9 A3. Bí apá tó ń ka ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpáílà rẹ bá ń fi `char` mú nǹkan nínú tábìlì 256, E1 yóò di -31 lórí láptọ́ọ̀pù rẹ, ìwọ yóò sì máa ka mẹ́mórì tó wà ṣáájú tábìlì. `unsigned char` ni kí o lò níbi gbogbo. Mọ̀ sì pé àmì ohùn lè dá dúró: «ọjà» jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta àti báìtì mẹ́fà bí «à» bá jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n báìtì méje ni bí a bá kọ «a» àti àmì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ méjì tó jọra lójú olùlò á wá yàtọ̀ lójú kọ̀ǹpáílà. Sọ wọ́n di irú kan náà (NFC ni orúkọ rẹ̀) kí o tó fi wọ́n wé ara wọn. Gígùn tí o máa tọ́jú síwájú ọ̀rọ̀ nínú mẹ́mórì, báìtì ni kí ó kà.

Bí o bá máa fi bíìtì pamọ́ sínú atọ́ka láti mọ irú ohun tó ń tọ́ka sí, ti ìsàlẹ̀ ni kí o lò. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlọ́po 8 ní bíìtì mẹ́ta tó jẹ́ òdo nísàlẹ̀. Èdè OCaml ń lo ẹyọ kan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ fi jẹ́ 63 bíìtì. Má fọwọ́ kan ti òkè: kò sí àyè kankan lókè lórí fóònù 32 bíìtì rẹ, láti Android 11 sì ni ẹ̀rọ ARM 64 bíìtì ti ń fi àmì tirẹ̀ sí báìtì òkè pátápátá.

Aago náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Android 32 bíìtì ṣì ń fi bíìtì 32 ka ìṣẹ́jú àáyá, òpin rẹ̀ sì ni 19 oṣù kìíní 2038, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 òwúrọ̀ ní Èkó. Bí C bá dá àkókò padà fún ọ, sọ ọ́ di 64 ní ẹnu ọ̀nà, kí èdè rẹ má bàa mọ `time_t`, irú nọ́ńbà tí C fi ń ka àkókò, rárá.

Ìdánwò tó máa gbà ọ́ kò nílò kí ètò ṣiṣẹ́ rárá. Jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà rẹ kọ fáìlì C kan jáde fún gbogbo àkọsílẹ̀ tí C ń fọwọ́ kàn, pẹ̀lú ìwọ̀n àti ipò tí òun fúnra rẹ̀ ṣírò. Nísàlẹ̀ àlàyé struct náà, báyìí ni yóò rí fún fóònù rẹ:

```
_Static_assert(sizeof(onibara) == 24, "iwon");
_Static_assert(offsetof(onibara, oruko) == 16, "oruko");
_Static_assert(offsetof(onibara, ojo_ori) == 20, "ojo_ori");
```

Lẹ́yìn náà, fún clang (kọ̀ǹpáílà C ti LLVM) ní orúkọ ẹ̀rọ:

```
clang --target=armv7a-linux-androideabi21 -ffreestanding -fsyntax-only iwon.c
```

Ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú `i686-linux-gnu`, `x86_64-linux-gnu`, `x86_64-pc-windows-msvc`, `aarch64-linux-gnu`. Fáìlì tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpáílà rẹ àti clang kò bá fẹnu kò lórí ipò kan, clang á kọ̀, á sì dárúkọ ààyè náà. Fi í sínú ìdánwò tó ń lọ nígbà gbogbo tí o bá yí kóòdù padà. Àṣìṣe inú fóònù rẹ ì bá ti hàn lórí láptọ́ọ̀pù ní ìṣẹ́jú kan.

Má sọ fóònù àlòkù yẹn nù. Fún ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní mẹ́mórì púpọ̀, ó sàn ju kí o gbé odindi Android àfarawé sórí rẹ̀. `adb shell getprop ro.product.cpu.abi` yóò sọ ohun tó jẹ́ fún ọ (adb ni irinṣẹ́ tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ fóònù). Wàá rí `armeabi-v7a` lórí èyí tí Android rẹ̀ jẹ́ 32 bíìtì; yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn fóònù kan wà tí ẹ̀rọ inú wọn jẹ́ 64 tí Android tí wọ́n fi sí i sì jẹ́ 32. Fi clang inú NDK (àpò irinṣẹ́ Android fún C àti C++) so ètò rẹ pọ̀, kí o sì jẹ́ kí ó jẹ́ PIE (ètò tó lè ṣiṣẹ́ ní àdírẹ́sì yòówù), nítorí láti Android 5.0 ni wọn kì í ti í gba òmíràn. Fi `adb push` gbé e sí `/data/local/tmp`, kí o sì fún un ní `chmod 755`.

Kò sí ìkankan nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ti dárúkọ yìí tó ń fi báìtì ńlá (èyí tó níye lórí jù nínú nọ́ńbà) ṣáájú, nítorí náà àṣìṣe irú èyí lè sùn nínú kóòdù rẹ fún ọdún púpọ̀, pàápàá níbi tí o ti ń kọ nọ́ńbà sí fáìlì tàbí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. s390x, ẹ̀rọ ńlá ti IBM, ń fi báìtì ńlá ṣáájú. Fi `gcc-s390x-linux-gnu` àti `qemu-user` (ètò tó ń ṣàfarawé ẹ̀rọ mìíràn) sórí Ubuntu rẹ, kọ fáìlì àkọsílẹ̀ kan láti láptọ́ọ̀pù, kí o sì kà á pẹ̀lú `qemu-s390x -L /usr/s390x-linux-gnu`. Bí ₦25,000,000 bá jáde níbẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́, kọ́bọ̀ lórí kọ́bọ̀, o lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìyókù èdè rẹ.